Ọmọ Tó Bá Ṣípá: Ọ̀rọ̀ Dókítà John Randle àti Iṣẹ́ Adelé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà kan náà kọ́ wa láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Èwo wá ni kí ẹni tó ṣe ju iṣẹ́ tirẹ̀ lọ mú nínú méjèèjì? Ṣé kí ó dákẹ́ kí ó máa wojú ọ̀gá, títí ọ̀gá yóò fi rántí rẹ̀? Àbí kí ó ṣípá, kí ó ní, "Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí, ohun tó tọ́ sí mi nìyí"? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò ni ti dókítà aláwọ̀ dúdú kan tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní ohun tó lé ní àádóje ọdún sẹ́yìn.

John Randle ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1855 ni wọ́n bí i ní abúlé Regent ní ilẹ̀ Sàró. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí a sì dá sílẹ̀ sí Sàró. Iṣẹ́ pípo oògùn ni Randle kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó sì gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1888, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ oníwúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn. Ó wá sí Èkó, ó di igbákejì dókítà ìjọba ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 1890, ó gbé Victoria Davies níyàwó. Ọmọ Sarah Forbes Bonetta àti J.P.L. Davies ni obìnrin yìí, Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀.

Bí a bá wo ìwé ẹ̀rí, kò sí ohun tí dókítà òyìnbó ní tí Randle kò ní. Àmọ́ "igbákejì" ni wọ́n ń pe òun àti Obadiah Johnson, ẹni tí òun náà wọ iṣẹ́ dókítà ìjọba ní 1889. Orúkọ oyè yẹn gan-an ni ẹ kíyè sí. Igbákejì máa ń tọ́jú aláìsàn, a máa fún wọn ní oògùn, a máa jí lóru bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti ń ṣe. Bí òyìnbó bá lọ ìsinmi sí ìlú rẹ̀, tàbí tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, ta ni yóò dí àyè rẹ̀? Igbákejì náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù bá parí, owó igbákejì ni yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Randle àti ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Ohun tó ń sọ kò ṣòro láti yéni. Ó ní bí iṣẹ́ dókítà òyìnbó ni ìjọba fẹ́ kí òun ṣe, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ rán òun lọ dípò òyìnbó, owó iṣẹ́ náà ni kí wọ́n san fún òun, kí wọ́n má wo ti àwọ̀ ara. Ìjọba kò gbà. Randle náà kò gbà. Bí òun àti iṣẹ́ ìjọba ṣe pínyà nìyẹn, ó sì lọ dá iṣẹ́ ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú Èkó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà ọ̀gá kan ṣoṣo tó burú ló fà á. Ètò ni. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ní 1902, wọ́n là á mọ́lẹ̀ nínú òfin rẹ̀ pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ náà. Dókítà aláwọ̀ dúdú tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ wá di ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí Randle rí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n wá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí n wọ inú iṣẹ́ tèmi, ìyẹn ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó bá ipò Randle mu: adelé. Mọ́fíìmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: a-, dè àti ilé. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, dè, ni a ń lò nígbà tí a bá ní "bá mi dè é". Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní, àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà a di ti àárín, ìdí nìyí tí a fi ń wí pé delé. Adelé ni ẹni tó ń bá onílé ṣọ́ ilé dè é. Onílé kò sí nílé, ilé kò sì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ẹ wá wo bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe adelé. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a ń fi ṣe adelé títí a ó fi yan ọba mìíràn. Obìnrin náà yóò wọ aṣọ ọba, yóò lo ìlẹ̀kẹ̀ ọba, yóò jókòó níbi tí ọba ń jókòó. Àwọn àgbààgbà tó mọ̀ ọ́n ní kékeré yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, wọn yóò sì máa kí i ní Kábíyèsí. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ lórí oyè níye, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí pé adelé ni, ìdajì ìkíni ni kí a kí i. Ẹni tó bá wà lórí àga ni iyì àga wà fún. Nínú àṣà wa, iṣẹ́ ipò àti iyì ipò kì í ya ara wọn.

Ìjọba amúnisìn ló ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Wọ́n gbé iṣẹ́ àga fún un, wọ́n sì gbé àga pa mọ́. Mo gbà pé Randle, ọmọ tí wọ́n bí sí Sàró, tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, ń béèrè ohun tí ará Àkúrẹ́ tí kò mọ ìwé yóò kà sí ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ohun ìyanu ni pé adelé ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ìhalẹ̀ ọkọ̀ ogun ló ti ṣe é. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, Henry Foote, ti kú ní ọdún náà, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ William McCoskry ló sì ń ṣe adelé rẹ̀. McCoskry yìí ni wọ́n fi ṣe adelé gómìnà títí Henry Stanhope Freeman fi dé ní oṣù kìíní 1862. Kí ni àwọn ará Èkó fi ń rántí rẹ̀? Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Títí di òní, ọlọ́kọ̀ èrò ń pe "Apọ́ngbọ̀n" ní Èkó, èrò ń sọ̀ níbẹ̀, díẹ̀ sì ni ẹni tó mọ̀ pé irùngbọ̀n adelé gómìnà ni wọ́n ń dárúkọ. Orúkọ náà sọ bí ó ṣe rí, kò sọ ohun tó ṣe. Ìlú a máa rántí ènìyàn lọ́nà tó bá wu ìlú, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnu ìlú nìkan.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí á tú wò ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, mọ̀. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbà pé ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ dáadáa. A ní ó moore. A ní ó mọ rírì. A ní ó mọyì. Ẹni tí kò dúpẹ́, a ní kò mọ ọpẹ́ dá. Mọ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Fún Yorùbá, ìmọrírì jẹ́ irú ìmọ̀ kan, kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó tàbí ti àmì ẹ̀yẹ. Ìmọ̀ kò sì lè wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí kò mọ̀ pé ènìyàn kan ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì kò lè mọ rírì rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sọ fún un kò yin ara rẹ̀. Ó ń fún un ní ìmọ̀ ni. Bí ọ̀gá bá sì ti mọ̀ tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn ẹni tó sọ̀rọ̀. Òwe ọmọ tó ṣípá àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí kò ta ko ara wọn nígbà náà. Ọmọ tó ṣípá kò sọ pé òun dára ju ọmọ yòókù lọ. Ó kàn ń fi hàn pé òun wà níbẹ̀, òun sì fẹ́ kí a gbé òun.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ẹ̀tọ́ àti ẹ̀bẹ̀. Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, àṣà lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ó parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tó pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ onígbọràn àti onírẹ̀lẹ̀. Gómìnà pàápàá a máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó wà ní London. Ohun ẹnu lásán ni láàárín òyìnbó sí òyìnbó. Àmọ́ nígbà tí aláwọ̀ dúdú bá kọ ọ́, ẹni tó ń kà á a máa gbà á gbọ́. Báyìí ni ẹ̀tọ́ ṣe wọ aṣọ ẹ̀bẹ̀. Títí di òní, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ béèrè owó tó ti ṣiṣẹ́ fún, ẹ ó gbọ́ tí yóò ní, "Mo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀." Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ta ni ó ṣẹ̀?

Ohun tí mo fi ń bọlá fún Randle nìyẹn. Kò dúró kí iṣẹ́ parí kí ó tó wá máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀san. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un ni ó ti sọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ́, bí oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti ń ṣe. Ọ̀mọ̀lé kì í mọ ilé tán kí ó tó dá owó lé e. Ẹ jẹ́ kí n tún fi kún un pé Randle lè kọ̀ nítorí pé ó ní ọ̀nà mìíràn: iṣẹ́ ìṣègùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, aláìsàn sì pọ̀ ní Èkó. Akọ̀wé kékeré tàbí ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ tí kò ní ibòmíràn láti lọ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọn kò lọ. Oguntọla Sapara di igbákejì dókítà ìjọba ní 1896, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba títí di 1928. Nígbà tí ìgbóná ń pa ènìyàn, Sapara rí i pé iṣẹ́ inú ilé ìwòsàn nìkan kò tó. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní bòókẹ́lẹ́ láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Ta ló rán an? Kò sí ibi tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ igbákejì dókítà. Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi wéwu. Obadiah Johnson ńkọ́? Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1897. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, kú ní 1901, ìwé àfọwọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n kọ lórí ìtàn Yorùbá ti sọnù. Àbúrò ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, tó tún ìwé náà kọ. Ó kú ní 1920, ìwé náà jáde ní 1921. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ni ní ìtàn Yorùbá lónìí ń jẹ nínú oúnjẹ tí dókítà kan sè ní àkókò tó yẹ kó fi sinmi. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ènìyàn ń pè.

Bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè ṣe bí ẹni pé kò kàn mí. Èmi náà ti ṣe adelé rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, mo fi oṣù mẹ́rìnlá ṣe adelé olórí ẹ̀ka, láì dín iye kíláàsì tí mò ń kọ́ kù, láì sì gba owó àjẹmọ́nú kankan. Àwọn àgbà ẹ̀ka gbà mí níyànjú pé kí n dákẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ń san án. Mo gbà pé Ọlọ́run ń san án, ṣùgbọ́n mo kọ lẹ́tà. Èsì kò dé títí mo fi gbé ipò náà sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú fáìlì, ẹni tó bá ṣí fáìlì náà yóò mọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan. Nínú àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, àti ìjọba àpapọ̀ jọ fọwọ́ sí ní 2009, owó àjẹmọ́nú wà fún iṣẹ́ tó bá lé ní iye tó yẹ: ti akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ jù, ti bíbójútó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ti jíjẹ́ olórí ẹ̀ka. Sísan owó yìí wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì 2013, ó tún wà lára ohun tó fa ti 2022, èyí tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jókòó sílé nígbà náà, ẹ mọ̀ pé owó iṣẹ́ àfikún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Níhìn-ín ní Alímọ̀ṣọ́ tí mò ń gbé, níbi tí ètò ìkànìyàn 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, ilé ìwé aládàáni pọ̀ láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ni ní ọ̀kan nínú wọn wá bá mi nílé ní Ìgándò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Olùkọ́ kan ti kúrò, wọ́n sì fi kíláàsì ẹni náà kún tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí màmá tó ni ilé ìwé." Mo ní kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí a lè mọ ohun tí a fẹ́ sọ gan-an, kí a tó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó kọ ní àkọ́kọ́ kún fún "ẹ má bínú" àti "ẹ ṣàánú mi". Mo bi í léèrè pé, "Kí lo ṣe tí wọn yóò fi bínú?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà gba àárín rẹ̀, ó sì tún un kọ: "Ẹ káàárọ̀ mà. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin. Iṣẹ́ olùkọ́ méjì ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi owó kún owó mi, kí ẹ sì fún mi ní ìwé tó fi hàn pé èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì méjèèjì."

Ẹ̀rù ń bà á, ó sì yẹ kó bà á, nítorí pé wọ́n lè ní kó máa lọ. Màmá náà pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó tó fi kún un kò tó ìdajì ohun tó béèrè, àmọ́ ó kọ ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà ń wá iṣẹ́ sí ilé ìwé mìíràn ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé yẹn ló mú dání, wọ́n sì gbà á sí ipò tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ló gbé e débẹ̀. Owó kékeré yẹn ti tán tipẹ́.

Ní ti Randle, kò fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1908, òun àti Dókítà Orisadipe Ọbasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta ko owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Ọdún 1928 ni ó kú. Lára ohun tó fi sílẹ̀ ni adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe sí Oníkàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní 2023. Orúkọ tí wọ́n fún un ni John Randle Centre for Yoruba Culture and History, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá. Ọkùnrin tí ìjọba amúnisìn kò fẹ́ san owó adelé fún ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a kọ́ fún àṣà gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà ní Èkó, ẹ wá àyè lọ síbẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá béèrè ni yóò rí gbà. Randle kò rí owó náà gbà. Èmi kò rí tèmi gbà. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ ni pé bí wọ́n bá ní kí ẹ delé, ẹ delé náà dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí adelé, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì wá di onílé lọ́la, ẹ má jẹ́ kí adelé yín bẹ̀ yín kí ẹ tó mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.